Ìgbẹ́ gbuuru tí oògùn ò ràn: ọ̀rọ̀ obìnrin kan ní Minnesota àti àwọn kòkòrò tó sọnù nínú ìfun ẹ̀

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin tá a jọ wà nídìí iṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mọ bí inú yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Aláìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ọdún 2008 ló ṣẹlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ìfun àti kòkòrò tó ń gbé inú ẹ̀, mi ò tíì rí èyí tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi tó báyìí. Wọn ò dárúkọ obìnrin náà, a ò sì nílò orúkọ ẹ̀. Dókítà tó tọ́jú ẹ̀ la mọ̀, Alexander Khoruts, dókítà inú àti ìfun ní Yunifásítì Minnesota.

Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ Khoruts, obìnrin yìí ò lè rìn mọ́. Orí àga onítáyà ni wọ́n ń gbé e sí, pámpásì ni wọ́n ń wọ̀ fún un, àgbàlagbà o, torí ìgbẹ́ gbuuru tó ń ṣe é ò dúró tọ̀sán tòru. Láàárín oṣù 8 ó ti rù tó nǹkan bíi kílò 27. Ẹ wò ó báyìí, ẹni tó bá wọn kílò 70 kó tó bẹ̀rẹ̀ á ti bọ́ sí 43, ẹran ara ti lọ, okun ti lọ, gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bá ibòmíì jáde kó tó di pé ara rí nǹkan kan fà nínú ẹ̀. Khoruts fúnra ẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bó ṣe ń lọ yẹn, ó ṣeé ṣe kó kú.

Kòkòrò tó ń bá a jà la mọ̀ sí C. diff, Clostridium difficile lorúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, Clostridioides difficile ni wọ́n ń pè é báyìí. Ọdún 1935 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tuntun tí nǹkan kan ò ṣe, torí náà kò sẹ́ni tó kà á sí ọ̀tá. Nígbà tó di ọdún 1978 ló tó wá hàn gbangba pé òun gan-an ló ń fa wàhálà ìfun tó máa ń tẹ̀ lé lílo áńtíbáyọ́tíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò bakitéríà. Oró ló máa ń tú jáde, oró yẹn á bó awọ inú ìfun ńlá, ibẹ̀ á wú, á di egbò, omi ara á máa ya jáde. Àìsàn kékeré kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 nìkan, ìṣirò àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn níbẹ̀ ni pé nǹkan bíi 453,000 èèyàn ló kó o, nǹkan bíi 29,000 nínú wọn ló sì kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní i.

Wọ́n fún obìnrin yìí ní oríṣìíríṣìí áńtíbáyọ́tíìkì, kò sí èyí tó lè lé kòkòrò náà lọ. Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ohun tí ọkàn wa máa ń sọ ni pé bí oògùn kan ò bá pa kòkòrò, ká wá èyí tó lágbára jù ú lọ, bí ìyẹn ò bá ṣe é, ká da méjì pọ̀. Lára C. diff, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Tí ilẹ̀ bá ti le mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń sọ ara ẹ̀ di hóró kékeré kan tó le koko, á sùn sílẹ̀ síbẹ̀, oògùn á kọjá lórí ẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Oògùn á pa èyí tó ń rìn kiri, ìgbẹ́ á dì díẹ̀, inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á dá oògùn dúró, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan hóró yẹn á tún hù. Nínú èèyàn 5 tó bá kọ́kọ́ gbádùn, nǹkan bí ẹnì kan ló máa ń tún padà sídìí ẹ̀, ẹni tó bá sì ti padà lẹ́ẹ̀kan, ó rọrùn kó tún padà sí i.

Àgbẹ̀ tó bá ti bá ẹ̀kan jà rí á tètè lóye èyí. O da oògùn koríko sí oko, o pa ẹ̀fọ́, o pa ẹ̀gẹ́, o pa gbogbo ewé tó wà lórí ilẹ̀, ẹ̀kan náà gbẹ lójú, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí kò kú. Òjò kan péré rọ̀, ta ló máa kọ́kọ́ yọ? Ẹ̀kan ni, ó sì ti wá ní gbogbo oko fún ara ẹ̀ torí kò sí ohun kan tó máa bá a du ilẹ̀ mọ́. O tún da oògùn sí i, ilẹ̀ tún ṣófo sí i, ẹ̀kan tún yọ. Bí ìfun obìnrin yìí ṣe rí nìyẹn.

Torí ìfun wa kì í ṣòfo. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2016 ni pé nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 kòkòrò bakitéríà ló ń gbé ara èèyàn, ìfun ńlá sì lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Wọn ò jókòó lásán. Okùn inú oúnjẹ tí inú wa ò lè lọ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso, àwọn ló ń jẹ ẹ́, ohun tí wọ́n sì ń mú jáde nínú ẹ̀ ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní butyrate, òun gan-an lawọ ìfun ńlá ń jẹ kó tó lágbára. Wọ́n ń ṣe fítámì K. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ara wa láti mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Èyí tó wá kan ọ̀rọ̀ wa yìí jù ni pé wọ́n máa ń yí omi òróòro tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ìfun padà sí irú èyí tí C. diff ò lè gbèrú nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá kú tán, òróòro tí ẹnikẹ́ni ò yí padà yẹn gan-an ló máa ń ji hóró C. diff dìde. Áńtíbáyọ́tíìkì kì í bi kòkòrò léèrè bóyá ọmọlúàbí ni tàbí jàǹdùkú kó tó pa á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Khoruts ò wá oògùn tó tún le jù mọ́. Ìbéèrè ẹ̀ yí padà, kì í ṣe "kí ni màá fi pa C. diff" mọ́, ó di "àwọn wo ló yẹ kó wà nínú ìfun yìí tí wọn ò sí níbẹ̀, báwo ni mo ṣe lè dá wọn padà". Ìdáhùn ìbéèrè kejì yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ara àwọn èèyàn ló ń bù máṣọ sí i. Ní China, nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ge Hong ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ẹ̀ pa ní omi tí wọ́n fi ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le po. Lọ́dún 1958 ní Denver, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Ben Eiseman, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gba ìdí fa irú omi bẹ́ẹ̀ sínú ìfun aláìsàn 4 tí ìfun wọn ti bàjẹ́ lẹ́yìn áńtíbáyọ́tíìkì, wọ́n sì gbádùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé 1958 yẹn, ogún ọdún ló kù kí wọ́n tó mọ̀ pé C. diff ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Dókítà díẹ̀díẹ̀ ń ṣe é káàkiri lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò wọ ojú títì.

Ọkọ obìnrin náà ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Díẹ̀ nínú ìgbẹ́ ọkọ, wọ́n pò ó mọ́ omi iyọ̀ irú èyí tá à ń lò ní ọsibítù, wọ́n gbé e lọ sínú ìfun ńlá ìyàwó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kà á báyìí lè ti fẹ́ tutọ́, ó yé mi, ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tó wà lórí àga onítáyà yẹn, tó ti rù tó kílò 27, ẹ wá sọ fún mi bóyá ìríra ló yẹ kó dá dókítà dúró.

Láàárín ọjọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru dáwọ́ dúró. Ohun tí oògùn ò rí ṣe fún oṣù mélòó! C. diff pòórá nínú ìfun ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì fi máa sọ ìtàn yìí síta ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, kò tíì padà.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá jẹ́ ìtàn tó dùn lásán, irú èyí tá a máa ń gbọ́ pé ẹnì kan mu báyìí báyìí ara ẹ̀ sì yá, tí kò sẹ́ni tó mọ ìdí ẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ni pé Khoruts ti fi ìgbẹ́ pa mọ́ ṣáájú ìtọ́jú, ó sì tún gbà á lẹ́yìn ẹ̀. Òun àti Michael Sadowsky tí wọ́n jọ wà ní Minnesota, pẹ̀lú Janet Jansson àti ẹlẹgbẹ́ wọn Dicksved, yẹ DNA àwọn kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ wò. Ṣáájú ìtọ́jú, àwọn ìdílé kòkòrò ńlá méjì tó máa ń kún ìfun ẹni tára ẹ̀ dá, Bacteroidetes àti Firmicutes, wọn ò tó nǹkan mọ́ nínú ìfun ẹ̀, àwọn àjèjì tí kì í sábà gbé ìfun ló gba ibẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ìtọ́jú, kòkòrò inú ìfun ìyàwó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ọkọ pátápátá, Bacteroides, tó wà lára ìdílé Bacteroidetes, ló pọ̀ jù, kòkòrò kan tó ń ṣe butyrate náà sì wà níbẹ̀ dáadáa. Wọn kì í ṣe àlejò tó kàn kọjá lọ, wọ́n ti fìdí kalẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn á sọ pé ó lè jẹ́ omi tí wọ́n fà sí i ló fọ kòkòrò burúkú jáde, kì í ṣe kòkòrò ọkọ ló wò ó sàn. Ìbéèrè gidi ni, ó sì kan àwa Yorùbá dáadáa torí a fẹ́ràn ìfọnú púpọ̀. Ilẹ̀ Netherlands ni ìdáhùn ti wá, lọ́dún 2013. Àwọn dókítà kó àwọn tí C. diff ti padà bá, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan lo vancomycin, áńtíbáyọ́tíìkì kan, òun nìkan, 4 nínú 13 ló bọ́. Àwọn kan lo vancomycin, wọ́n tún fọ ìfun wọn mọ́ tónítóní, 3 nínú 13 ló bọ́. Àwọn yòókù lo vancomycin fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fọ ìfun wọn, wọ́n wá gba imú ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọnú wọn fi fún wọn ní omi ìgbẹ́ ẹni tára ẹ̀ le, 13 nínú 16 ló gbádùn lẹ́ẹ̀kan péré, méjì nínú àwọn 3 tó kù sì gbádùn nígbà tí wọ́n tún un ṣe. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ débi pé wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí. Ẹ wo àwọn tí wọ́n fọ inú wọn, tí wọn ò dá nǹkan kan padà síbẹ̀ o: wọn ò sàn ju ẹni tí kò fọ̀ ọ́ lọ.

Èyí ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Ara gbígbóná díẹ̀, "ó máa jẹ́ táífọ́ọ̀dù", a dé kẹ́mísìtì, a ra Ampiclox. Inú run wa, Flagyl. Ìgbẹ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tẹtrasáíkíìnì. Ẹnì kan á lo tirẹ̀ kù, á fi èyí tó kù há ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìgbẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, a ra àgbo tó ń yọ èèyàn nígbẹ̀ẹ́ mọ́ ọn, tàbí ká bomi síbẹ̀ láti ìdí, inú tó ti ń ṣófo tẹ́lẹ̀ a tún ń fọ̀ ọ́ sí i. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbẹ́ gbuuru tó bá tẹ̀ lé oògùn ló jẹ́ C. diff, rárá o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á lọ fúnra ẹ̀ téèyàn bá ti dá oògùn yẹn dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo lábù wa ló ń wá C. diff, dókítà tí kò bá bi aláìsàn léèrè ohun tó ti lò kò sì ní rántí pé kó ní kí wọ́n wá a.

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n máa ń bi mí nípa omidùn, omi orí ògì táwọn ìyá wa máa ń fún ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu. Kòkòrò rere wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àwọn lactobacillus tó ń mú ògì kan ni, téèyàn ò bá sè é wọ́n ṣì wà láàyè. Irú náà, kòkòrò ló sọ ọ́ di irú. Mo fẹ́ràn oúnjẹ wọ̀nyẹn, mo sì fẹ́ ká máa jẹ wọ́n, ká jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó máa bọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi kòkòrò díẹ̀ ló wà nínú omidùn, ohun tí obìnrin Minnesota yẹn pàdánù pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan yín pé ife omidùn kan á ṣe iṣẹ́ tí ìgbẹ́ ọkọ ẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ta kápúsù olówó iyebíye tí wọ́n ní ó ń wo ìrònú, ìsanra àti àìróorunsùn sàn. Òótọ́ ni pé nǹkan bíi 90 nínú 100 serotonin tó wà nínú ara, èròjà kan tó kan bí inú èèyàn ṣe ń dùn tàbí bà jẹ́, inú ìfun ni wọ́n ti ń ṣe é, àmọ́ èyí tí ìfun ṣe kì í kọjá wọnú ọpọlọ. Ìfun àti ọpọlọ ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìwádìí ń lọ lórí ẹ̀, kò tíì di ohun téèyàn lè máa kó sínú ìgò tà.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má lọ gbìyànjú ti ìgbẹ́ yìí nílé o. Ohun tó wà nínú ìgbẹ́ ọlọ́rẹ la óò gbé wọ ara aláìsàn, rere àti búburú. Lọ́dún 2019, àjọ FDA tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn méjì tí ara wọn ò lágbára láti bá àìsàn jà gba ìgbẹ́ ọlọ́rẹ kan náà, E. coli tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ràn wà nínú ẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò, ọ̀kan nínú wọn kú. Látìgbà yẹn àyẹ̀wò ọlọ́rẹ ti le sí i. Khoruts àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pàápàá ti kúrò nídìí ọkọ tàbí ọmọ ìyá, wọ́n ń lo ọlọ́rẹ tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa, wọ́n ń fi yìnyín pa á mọ́ dìgbà tí wọ́n bá nílò ẹ̀, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ aláìsàn 43 tí wọ́n tọ́jú jáde lọ́dún 2012. FDA fọwọ́ sí èyí tó ń gba ìdí wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2023 ó fọwọ́ sí kápúsù tí wọ́n ń gbé mì.

Fún àwa tá a wà nídìí iṣẹ́, ohun tí mo mú nínú àkọsílẹ̀ obìnrin yìí kò le rárá láti ṣe. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru bá gbé wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni oògùn wo lo ti lò láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ká má sì sọ pé "áńtíbáyọ́tíìkì" fún un torí kò ní mọ̀ ọ́n, ká dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ká ní kó mú páálí wá. Tí èyí tó ń lò lọ́wọ́ ò bá pọndandan, dídá a dúró ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Omi àti ORS kó má tán nílẹ̀ ẹ̀. Ká má tètè sáré fún un ní oògùn tó ń dí ìgbẹ́ nígbà tá a ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Tó bá ń yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí kò sì sí ìdí míì, ká ní kí lábù wá C. diff. Fún àgbàlagbà, láti ọdún 2018 ni ìlànà Amẹ́ríkà ti gbé Flagyl kúrò nípò àkọ́kọ́, vancomycin tí wọ́n ń gbé mì tàbí áńtíbáyọ́tíìkì míì tó ń jẹ́ fidaxomicin ni wọ́n ní ká kọ́kọ́ lò. Ẹni tó bá tún padà lẹ́yìn méjì, mẹ́ta, ká yéé pààrọ̀ oògùn lórí oògùn, ká kọ̀wé gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ìfun.

Ọwọ́ ńkọ́? Sánítáísà ọlọ́tí ò lè pa hóró C. diff, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ àti ṣáláńgá gbọ́dọ̀ rí blíìsì. Mo mọ wọ́ọ̀dù tí sánítáísà wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn tí omi ò sì yọ, níbẹ̀ kòkòrò yìí á kàn máa bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì kan sí òmíràn ni.

Tí ìgbẹ́ aláìsàn bá ti wá dì, kára ẹ̀ sì ti balẹ̀, ẹ má tún fi ìgbẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ sí lábù pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti lọ, torí àyẹ̀wò lè máa sọ pé ó ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lára ẹni tó ti gbádùn, ohun tó máa tẹ̀ lé e sì ni kẹ́nì kan tún kọ oògùn tí kò nílò fún un. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára fáìlì ẹ̀ pé ó ti ní C. diff rí, kí ẹ sì sọ fóun náà kó máa sọ ọ́ níbikíbi tó bá lọ, ọ̀dọ̀ eléyín tàbí kẹ́mísìtì ọ̀nà ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ fún un ní áńtíbáyọ́tíìkì nígbà míì lè kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ bóyá kò sí ọ̀nà míì.